Ìkẹ́dùn Àwọn Ìyá Ìsìkàn Lórí Dókítà Monílọ́lá, Tó Wá Ibi Tí Orí Ọmọ Wa Ti Ń Jò

Láti ọ̀dọ̀ Ẹgbẹ́ Ìyá Alábòójútó, Ìsìkàn, Àkúrẹ́.

Sí Màmá Ìbídùnní Adélaní ní ìlú Oǹdó, ìyá tó bí Dókítà Monílọ́lá. Sí Ọ̀gbẹ́ni Ayọ̀kúnlé Adébùsóyè, ọkọ rẹ̀, ní Ijapo. Àti sí gbogbo ẹbí.

Pẹ̀lú omijé tí kò tíì gbẹ lójú ni àwa ìyá tí a wà nínú ẹgbẹ́ yìí fi ń kí yín, ẹ kú ọ̀rọ̀ ènìyàn. Ẹ kú ìrọ́jú. A gbọ́ pé orí ló kọ́kọ́ ń fọ́ ọ láàárọ̀ ọjọ́ náà, pé ó ní kí wọ́n bu omi fún òun, àti pé kí ẹni tó lọ bu omi tó padà dé, kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n ní iṣan ẹ̀jẹ̀ kan ló bẹ́ nínú orí rẹ̀. Màmá, nígbà tí ìròyìn náà kàn mí, ilẹ̀ ni mo jókòó lé, n kò sì mọ ìgbà tí wọ́n gbé mi dìde.

Èmi tí mò ń kọ ìwé yìí ni ìyá Bísọ́dún, tí wọ́n fi ṣe Ìyá Ẹgbẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ àgbà ni mo ti kọ́ ìwé kékeré tí mo mọ̀. Àwọn ọmọ ọmọ mi ní àwọn lè bá mi tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù kí ó lè dùn ún kà, mo ní rárá. Bí lẹ́tà mi bá wọ́, ẹ fara dà á fún mi. Ọwọ́ tí ọmọ yín máa ń dì mú ni mo fẹ́ fi kọ ọ́.

Kí àwọn tí kò mọ̀ wá nínú ẹbí lè mọ̀ wá: ìyá tí ọmọ rẹ̀ obìnrin bímọ tí orí rẹ̀ sì dàrú, ìyá tí ọmọ rẹ̀ dákẹ́ tí kò jẹun tí kò wẹ̀, òun ló ń wọ ẹgbẹ́ wa. Dókítà ló kó wa jọ, ní àwọn ọdún líle yẹn tí owó oṣù kì í jáde, tí àwọn ọkọ ń jókòó sílé láìníṣẹ́, tí ife tí wọ́n fi ń wọn gaàrí sì ń kéré sí i lójoojúmọ́. Ìgbà yẹn ni àìsàn náà pọ̀ jọjọ. Olúkúlùkù wa ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ rẹ̀. Èmi kò mọ̀ pé ọmọ Màríámù, oníyìnyín tí ilé rẹ̀ kọjú sí tèmi, wà nínú irú nǹkan bẹ́ẹ̀, òun náà kò sì mọ̀ pé ọmọ mi wà nínú rẹ̀. Ọmọ yín ló gba ẹnu ọ̀nà wa wọlé tó ṣí ilẹ̀kùn fún wa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Bísọ́dún, nítorí tirẹ̀ ni mo fojú rí. Ìgbà òjò ló bímọ. Òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni ọkọ rẹ̀, kò sì tíì gbowó láti ìgbà tí oyún ti wà ní kékeré. Kò pẹ́ tí a sọ ọmọ lórúkọ ni ìyá rẹ̀ kò sùn mọ́. Ó ń bá ògiri sọ̀rọ̀. Ó ní ọmọ tí wọ́n gbé fún òun kì í ṣe tòun, pé kí n lọ gbé tòun wá. Abísínwín ni àwa mọ̀ ọ́n sí. Àwọn kan ní omi gbígbóná kò kàn án lára tó nígbà tí a ń wẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn ìbímọ, pé kí a tún gbé omi tó gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ kaná. Àwọn kan ní kí a gbé e lọ sí ilé àdúrà kí wọ́n so ó mọ́lẹ̀ títí yóò fi rọ̀.

Ibi tí a ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́ ni Dókítà bá wa. Nọ́ọ̀sì kan ló sọ fún un. Kò pariwo lé ẹnikẹ́ni lórí. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ funfun, ó fẹ̀yìn ti ibi tí Bísọ́dún fẹ̀yìn tì, ó ní, "Bísọ́dún, gbogbo wọn ń wò wá bí ẹni ń wo fíìmù. Jẹ́ kí àwa náà máa wo ògiri wa." Ọmọ mi rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí a ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí mi, ó ní, "Màmá, àìsàn ni. Kì í ṣe ìwà, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Bí a ṣe ń wo ibà sàn náà la ó ṣe wo èyí." Ó mú wa lọ sí ilé ìwòsàn, ó ń wá wò ó lárọ̀ọ́ lálẹ́. Ọmọ tí Bísọ́dún ní kì í ṣe tòun nígbà náà ló ń bá a ki òwú bọ abẹ́rẹ́ lónìí nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Màmá, ẹ bi ẹnikẹ́ni ní Ìsìkàn.

Ọ̀pọ̀ dókítà ni ìbá dúró síbẹ̀. Ti yín kò dúró. Lọ́jọ́ kan tó wá kí wa, ó bi mí léèrè pé, "Màmá, Rufus ńkọ́?" Rufus ni àkọ́bí mi, ẹ̀gbọ́n Bísọ́dún, ọmọ ìyá ọmọ bàbá. Mo ní kò sí nǹkan kan tó ṣe é, àfi pé ó ń mutí, ó sì ń bá gbogbo ayé jà láti ìgbà tí wọ́n ti dá a dúró níbi iṣẹ́. Ó mi orí. Ó ní ilé kan náà, ebi kan náà, ìyà kan náà, kí ló dé tó gba ọ̀nà yìí yọ lára obìnrin tó sì gba ọ̀nà mìíràn yọ lára ọkùnrin? Ó ní nínú ìdààmú ọkàn, àwọn obìnrin ló ń pọ̀ jù, bẹ́ẹ̀ sì ni ara ọkùnrin ni wọ́n sábà fi ń ṣe ìwádìí. Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò nínú rẹ̀ títí ó fi kú.

Mo ní kí ó sọ ọ́ kí ó yé mi. Ó wo igun yàrá mi, ó rí àwọn ìkòkò omi mi méjèèjì. Ó ní, "Ṣé ẹnì kan náà ló mọ wọ́n?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, amọ̀ kan náà sì ni. Ó ní kí n fọwọ́ kàn wọ́n. Ọ̀kan ń làágùn lọ́rùn. Ọrùn èkejì gbẹ, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ tutù, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ sì ti rọ̀. Ó ní bí orí ènìyàn ṣe rí nìyẹn. Ó ní àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín tó wà nínú ọpọlọ ní ògiri tí kì í jẹ́ kí ohun tí kò yẹ wọlé. Bí ìpọ́njú bá pẹ́ lára ènìyàn, ògiri náà lè rọ̀, kí ohun tí kò yẹ máa jò wọlé, kí ọkàn sì dàrú. Ó ní àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ náà lókè òkun ti ń rí i pé ibi tí ti obìnrin ti ń jò lè yàtọ̀ sí ibi tí ti ọkùnrin ti ń jò. Òun kò fẹ́ purọ́ fún mi, iṣẹ́ náà kò tíì parí, ṣùgbọ́n òun fẹ́ mọ bó ṣe rí lára àwọn ọmọ Àkúrẹ́ àti Oǹdó, kí ó má lọ jẹ́ pé oògùn tó bá ọkùnrin mu ni wọn yóò máa fún obìnrin.

Nítorí èyí ló ṣe ní kí a máa mú àwọn ọmọ wa wá ní méjì méjì, ọkùnrin kan, obìnrin kan, ọmọ ìyá kan náà, kí òun gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lápá wọn. Ó ní ẹ̀jẹ̀ apá lè sọ díẹ̀ nínú ohun tí ògiri inú orí ń ṣe. Àwọn obìnrin kò bá a jiyàn. Àwọn ọkùnrin ló ní, "Kí ló kan ẹ̀jẹ̀ mi nínú wèrè obìnrin?" Ó tọ̀ wọ́n lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ta ọtí, ó tọ̀ wọ́n lọ sí oko ní Bọ́lọ́rundúró, ó bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi gbà.

Ó kìlọ̀ fún wa pé kí wọ́n má jẹun wá. Ṣùgbọ́n ìyá wo ní Ìsìkàn ni yóò jẹ́ kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ ọmọ òun nígbà tí kò sí nǹkan nínú ikùn rẹ̀? Kálukú gún iyán fún tirẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, a sì kọ́ wọn ní ohun tí wọn yóò sọ bí Dókítà bá béèrè. Rufus ló tú wa fó. Bó ṣe rí abẹ́rẹ́ báyìí, ojú rẹ̀ ṣú, ó wó lulẹ̀ gbì. Bó sì ṣe ń jí, ó bì, gbogbo iyán àti ọbẹ̀ dà sórí bàtà Dókítà. Ọmọ yín wo bàtà rẹ̀, ó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní, "Ẹ̀yin ìyá wọ̀nyí! Ẹran wà nínú ọbẹ̀ yìí, ẹ kò sì bu tèmi sílẹ̀?" A rín ẹ̀rín títí ẹ̀gbẹ́ ń dùn wá. Gbogbo ẹ̀jẹ̀ àárọ̀ ọjọ́ náà ló dà nù. Ó ní kí a padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kò bínú sí ẹnikẹ́ni. Títí di òní, bí Rufus bá fẹ́ ṣe agídí nínú ilé, a máa ń pariwo pé "Abẹ́rẹ́ ń bọ̀!"

Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bá gbà ní Bọ́lọ́rundúró kò gbọdọ̀ gbóná títí yóò fi dé Àkúrẹ́. Iná kì í sí níbẹ̀, epo ọkọ̀ wọ́n, ọ̀nà oko náà sì jẹ́ kìkì ihò. Màríámù, tí ẹ̀ ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ yìí, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, òun ló ń fọ́ yìnyín sínú kúlà fún un. Dókítà á gbé kúlà náà lé itan lórí ọ̀kadà bí ìgbà tó gbé ọmọ. Òjò ti ká a mọ́nà rí, tó bọ́ ẹ̀wù òtútù ọrùn rẹ̀ tó fi bo kúlà, tí òun fúnra rẹ̀ sì rin gbingbin wọ ilé mi. Mo bá a wí. Ó ní, "Màmá, èmi lè wọ aṣọ mìíràn. Ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn yìí kò ní òmíràn."

Ohun tó ń dùn wá jù nìyí: ẹni tó ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wa ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, tó ń bá wa wí nítorí iyọ̀, kò ráyè fún ara rẹ̀. A kò mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ òun náà ń ru. Kò sọ fún wa. Ìgbà tó kú ni ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ lójú wa, tí òun náà sì bú sẹ́kún.

Màmá, n kò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kún ọ̀fọ̀ yín, ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí a kò lè gbé mì. Lẹ́yìn ìròyìn náà, Màríámù lọ kí ẹbí ní Ijapo ní orúkọ ẹgbẹ́. Ẹ̀gbọ́n Kìtán, ẹ̀gbọ́n ọkọ Dókítà, ló bá lẹ́nu ọ̀nà. Ó kí i dáadáa, ó ní kó jókòó, lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ̀yin ìyá, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n kí àwọn ọmọ yín yẹn má wá sí Oǹdó lọ́jọ́ ìsìnkú o. Kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má sún mọ́ pósí. Ohun tó wà lórí wọn ló ràn án." Màríámù ní, "Bọ̀ọ̀dá, ọmọ mi ni mò ń bá sùn lórí ẹní kan náà láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá, ṣé ẹ rí i pé ó ti ràn mí?" Ẹ̀gbọ́n Kìtán yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹkún ni Màríámù sun bọ̀ wálé.

A kò bá Ẹ̀gbọ́n Kìtán jà. Ọ̀fọ̀ ló ṣẹ̀ ẹ́, ó sì fẹ́ràn aya àbúrò rẹ̀, ó ń wá ibi tí yóò dá ẹ̀bi lé. Ṣùgbọ́n Dókítà ló fi ẹnu ara rẹ̀ kọ́ wa pé àìsàn ọpọlọ kì í ràn bí àárẹ̀ ikọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa á. Bí wọ́n bá sin ín pẹ̀lú ọ̀rọ̀ pé àwọn tó wò sàn ló kó o ràn án, ohun tó fi gbogbo ayé rẹ̀ jà fún ni wọ́n sin mọ́ ọn yẹn. Peculiar, ọmọ kékeré tó fi sílẹ̀, obìnrin lòun náà. Yóò dàgbà, yóò ní ìbànújẹ́ tirẹ̀ bí gbogbo wa ti ń ní in, yóò bímọ lágbára Ọlọ́run. Ẹ má jẹ́ kí ó bá ọ̀rọ̀ yìí nílẹ̀, kí ó má baà dákẹ́ lọ́jọ́ tó bá yẹ kó ké pe ẹnìkan.

Ìdí tí a tún fi ń bẹ̀bẹ̀ rèé. Ẹ̀yin náà mọ àṣà wa. Ìbá ṣe pé àgbà ló kú, à bá ti kún Oǹdó, à bá jókòó tì yín títí. Ṣùgbọ́n ọmọdé ló lọ. Òbí kì í dé ibi tí wọ́n ti ń sin ọmọ, àgbà kì í dúró létí kòtò ẹni tó kéré sí i. Kò sì sí ẹyọ ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa tí kò ju Dókítà lọ lọ́jọ́ orí. Bí ẹ ṣe máa jókòó sínú yàrá ní Oǹdó lọ́jọ́ Ẹtì tí wọn yóò sin ín, tí wọn yóò ti ilẹ̀kùn mọ́ yín, bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwa náà yóò jókòó sí Ìsìkàn. Àwọn ọmọ wa nìkan ni a ní tí a lè rán. Bí wọ́n bá dá wọn padà lójú ọ̀nà, kò sí ojú kankan láti ilé wa tí yóò rí ibi tí wọ́n tẹ́ ẹ sí.

Ẹ̀bẹ̀ wa kò pọ̀. Kí Bísọ́dún àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dúró níbẹ̀ ní ipò wa. Nígbà tí wọ́n bá sì pe Peculiar kó wá bu erùpẹ̀ lé ìyá rẹ̀, kí Bísọ́dún jẹ́ ẹni tí yóò di ọwọ́ ọmọ náà mú. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń di ọwọ́ ẹni tí ẹ̀rù ń bà mú, ọmọ yín ló kọ́ ọ.

Lẹ́yìn náà, kí wọ́n tó wọkọ̀ padà sí Àkúrẹ́, wọn yóò wá bá yín nínú yàrá. Màmá, mo mọ̀ pé àwọn èèyàn yín kò ní sọ̀rọ̀ ibojì lójú yín, wọn á máa fi ọ̀rọ̀ mìíràn bò ó mọ́lẹ̀. Bísọ́dún yóò jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́, yóò sọ bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe rí fún yín, bóyá igi wà nítòsí, ibi tí wọ́n kọ orí rẹ̀ sí, orin tí wọ́n kọ. Bí ẹ kò bá fẹ́ gbọ́, yóò bá yín wo ògiri.

Ẹ̀yin lẹ bí i. Bí ẹ bá sọ̀rọ̀, Ẹ̀gbọ́n Kìtán yóò gbọ́. Ẹ má dá ara yín láàmú láti kọ̀wé padà. Rufus tó bì sórí bàtà ọmọ yín ló mú ìwé yìí wá, kò mutí mọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ẹ bá sọ fún un ti tó.

Ohun yòówù tí ẹ bá sọ, ẹgbẹ́ wa kò ní fi yín sílẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Ayọ̀kúnlé, bí ẹ bá ń lọ síbi iṣẹ́, ẹ gbé Peculiar wá sí Ìsìkàn, àwọn ìyá tó lè gún iyán fún un kò lóǹkà. A ti bá ọ̀gá tó ń bá Dókítà ṣe ìwádìí náà sọ̀rọ̀. Ó ní àwọn kò ní jáwọ́, àwa náà sì ti ṣèlérí pé a ó máa mú àwọn ọmọ wa wá ní méjì méjì bó ṣe fẹ́ ẹ. Lọ́tẹ̀ yìí, wọn kò ní jẹun wá. Màríámù ní yìnyín òun wà níbẹ̀.

Kí Ọlọ́run tí àwa Kìrìsìtẹ́nì ń pè, tí àwọn Mùsùlùmí inú wa náà ń pè, tẹ́ Monílọ́lá sí afẹ́fẹ́ rere. Kí Ó dáàbò bo Peculiar, kí Ó sì fún bàbá rẹ̀ lágbára láti dìde láàárọ̀. Ẹ̀yin ìyá rẹ̀, kí Ó má jẹ́ kí ẹ tún rí irú rẹ̀ mọ́. Gbogbo ibi tí ìpọ́njú yìí bá ti mú kí ọkàn yín máa jò, ibi tí ọmọ yín ìbá fọwọ́ rẹ̀ wá rí ká ní ó wà láyé, kí Ọlọ́run fúnra Rẹ̀ wá a rí, kí Ó dí i. Àmín.

Èmi ni tiyín nínú ọ̀fọ̀,
Ìyá Bísọ́dún,
Ìyá Ẹgbẹ́, ní orúkọ gbogbo àwọn ìyá.